Kí ni òfin ìpínlẹ̀ yín sọ nípa abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin? Ẹ bi mí, mo fèsì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu bà á ní abala yìí pé abẹ́ tí wọ́n ń dá fún àwọn ọmọ wa obìnrin ti di ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ mú èèyàn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa hó tó báyìí. Lẹ́tà ń wọlé, ohùn WhatsApp ń wọlé, ẹlòmíì tiẹ̀ ń sunkún nínú ohùn tó fi ránṣẹ́, ni mo bá ní kí n gbé gbogbo ìbéèrè yòókù tì kí n fi ojú ìwé tòní fèsì sí èyí nìkan. Mo ti yọ orúkọ àti àdúgbò kúrò. Ẹni tí ò bá mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, lọ́yà obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló jókòó tì mí níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan òfin.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èkìtì là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ ní àwọn ti bá olóolà sọ̀rọ̀, pé ó ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n tiẹ̀ ti ra ìgbín sílẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kí n jẹ́ kí màmá ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́, ṣebí wọ́n dá tèmi náà mi ò sì kú. Mi ò fẹ́ kí ilé mi dàrú, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ mi. Ṣé òfin lè gbà mí?

Èsì: Àbúrò mi, òfin lè gbà ẹ́, àmọ́ kó tó di Sátidé ni o. Bí abẹ bá ti kan ọmọ yẹn, kò sí kóòtù tó lè dá ohun tí wọ́n gé padà síbẹ̀. Èkìtì tí o wà yẹn ti ní òfin tó dojú kọ ìwà ipá sí obìnrin láti 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019, abẹ́ dídá sì wà lára ohun tó kà léèwọ̀. Má rò pé olóolà nìkan ni irú òfin báyìí ń wá. Òfin VAPP tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún Abuja, èyí tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó gé e, ẹni tó lọ pè é wá, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn, ẹni tó ràn án lọ́wọ́, gbogbo wọn ló jẹ̀bi, kódà bí wọ́n bá gbìyànjú ẹ̀ tí wọn ò rí i ṣe, ìgbìyànjú yẹn fúnra ẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀. Béèrè bí ti Èkìtì ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n má dúró dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dà kó o tó pariwo.

Má ì tí ì lọ bá ọlọ́pàá lónìí. Ọkọ ẹ ni kó o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lálẹ́, tí màmá bá ti sùn. Má bá a jà. Sọ fún un pé, bàbá ọmọ mi, ilé ẹ ni wọ́n fẹ́ ti ṣe é, ọmọ ẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún, owó ẹ ni wọ́n fẹ́ fi san án, bí ọmọ yìí bá dákú mọ́ wọn lọ́wọ́ tá a bá gbé e dé ọsibítù, dókítà á bi wá ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ni ká sọ? Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò tíì ronú débẹ̀ rí. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kí ìyá òun àti ìyàwó òun parí ẹ̀ láàárín ara wọn.

Nípa ti màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ wọ́n di ọ̀tá. Wọn ò kórìíra ọmọ yẹn, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn náà ni wọ́n ń sọ fún ẹ, ohun méjì náà ni mo sì ti ń gbọ́ láti bí ogójì ọdún. Àkọ́kọ́, pé ọmọ tí wọn ò bá dá abẹ́ fún máa di oníṣekúṣe. Ẹ bá mi bi màmá léèrè bóyá gbogbo àwọn tí wọ́n dá tiwọn ládùúgbò ló jókòó sílé ọkọ. Ìwà ò sí níbi tí wọ́n ń gé yẹn. Ìkejì ni wọ́n fi ń dẹ́rù bani jù, wọ́n ní bí orí ọmọ bá kan ẹran kékeré tí wọ́n ń gé yẹn nígbà ìbímọ, ọmọ á kú. Èyí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí níbi iṣẹ́ tèmi ló wà.

Mo ti gbẹ̀bí ọmọ débi pé mi ò lè ka iye wọn mọ́. Nígbà tí orí ọmọ bá ń yọ, ẹran kékeré yẹn wà lókè ibẹ̀ gan-an, orí á kàn án, á rọra kọjá lábẹ́ ẹ̀, ọmọ á jáde, á ké. Mi ò rí èyí tó kú torí ẹ̀ rí, ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí àyà mi máa ń já fún ni àwọn tí wọ́n ti gé, torí ojú àpá kì í nà bí ara ṣe ń nà. Mo rántí ọmọbìnrin kan, oyún àkọ́kọ́ ni, ojú àpá náà le bí awọ gbígbẹ lábẹ́ ìka mi, orí ọmọ dé ibẹ̀ ó dúró, ó lọ, ó bọ̀, ó dúró, nígbà tó sì máa ya, òkè ló ya lọ, níbi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí jù tí abẹ́rẹ́ ò sì ríbi dúró sí dáadáa. Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó rán an tán. Ọmọ náà yè, ìyá ẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ó fi oṣù méjì jókòó lórí ìrọ̀rí. Kì í sì í ṣe ojú tèmi nìkan ló rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ lé àwọn aboyún tó lé ní 28,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2006, àwọn tí wọ́n dá abẹ́ fún ni ẹ̀jẹ̀ ń dà jù lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, àwọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún jù, ọmọ tiwọn ló sì ń kú jù. Òdìkejì ohun tí wọ́n sọ fún màmá ló rí.

Omi ìgbín náà, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn. Ojú egbò ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ da á sí o.

Tó bá wá di Fúráìdé tí wọn ò gbọ́, gbé ọmọ ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ tàbí ẹni tó o bá fọkàn tán, kó o sì lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Adó, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, kó o béèrè àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé. Àwọn lọ́yà obìnrin tí wọ́n ń pè ní FIDA náà máa ń gba irú ẹjọ́ báyìí láìgba owó. Ìpè kan ṣoṣo látọ̀dọ̀ wọn sí ọkọ ẹ lè tó. O ní o ò fẹ́ kílé ẹ dàrú, mo gbọ́ ẹ. Màmá á bínú, ó ṣeé ṣe kó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín sí ẹ. Ìbínú máa ń tán.

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ṣebí Ààrẹ Jonathan ti fọwọ́ sí òfin tó fi de abẹ́ dídá ní 2015? Kí la tún ń wá lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀? Àti pé ta ni wọ́n ti mú rí? Mi ò gbọ́ ọ lórí rédíò rí o.

Èsì: Ìbéèrè gidi lẹ béèrè yìí sà. Òótọ́ ni, May 2015 ni, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Jonathan gbé ìjọba sílẹ̀, ló fọwọ́ sí òfin tá a mọ̀ sí VAPP, òfin tó ń gbógun ti ìwà ipá sí ẹnikẹ́ni. Abala kẹfà ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ abẹ́ dídá. Ẹni tó bá dá abẹ́ fún ọmọbìnrin tàbí obìnrin, tàbí tó gba ẹlòmíì síṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 4 tàbí ìtanràn ₦200,000 tàbí méjèèjì. Ẹni tó gbìyànjú ẹ̀, tàbí tó tì í lẹ́yìn, ọdún 2 tàbí ₦100,000 tàbí méjèèjì.

Ibi tó ti wá dùn wá ni pé Abuja nìkan ni òfin yẹn dé. Bí òfin ilẹ̀ wa ṣe pín agbára nìyẹn, irú ẹ̀ṣẹ̀ báyìí, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó kọ tiẹ̀ kí gómìnà sì fọwọ́ sí i kó tó lè mú ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Àwọn kan ò dúró de Abuja, Edo ti ṣe tiẹ̀ láyìíká 1999, Èkìtì tí mo sọ lókè ṣe tiẹ̀ ní 2011. Lẹ́yìn VAPP, Ògùn ṣe tiẹ̀ ní 2017, Kwara ní 2020, Oǹdó ní 2021, Ọ̀yọ́ tiyín àti Ọ̀ṣun náà ti ní tiwọn. Iye owó àti iye ọdún lè yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì, torí náà tiyín ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má fi ti Abuja dẹ́rù ba èèyàn ní Ìbàdàn, torí bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọ̀dọ̀ lọ́yà tó mọ̀wé, á dà á nù.

Ẹ ní ta ni wọ́n mú? Àwọn tó dé kóòtù kéré, kéré gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ẹ̀. Nínú ìwádìí ìlera ìdílé tí ìjọba ṣe ní 2018, nínú obìnrin 100 tí wọ́n dá abẹ́ fún ní Nàìjíríà, 86 ló jẹ́ pé wọn ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀yin ẹ wò ó. Olè jí mọ́tò, ẹni tó ni mọ́tò á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ńkọ́? Ẹni tó yẹ kó bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá náà ló di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Ìyá, ìyá àgbà, àǹtí, gbogbo ẹni tó rí i ló wà nínú ẹ̀, nígbà tọ́mọ náà sì máa gbọ́n tó láti béèrè, ogún ọdún ti kọjá, olóolà ti kú. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé òfin yìí ò ní lẹ́sẹ̀ tara ẹ̀, àgbàlagbà kan nínú ilé ló máa gbé e rìn.

Mi ò ní kí n má sọ èyí tó dáa níbẹ̀. Ní 2013, obìnrin 25 nínú 100 ló ti fojú winá ẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ó di 20 ní 2018. Àwa Yorùbá ló ṣì ga jù láàárín àwọn ẹ̀yà ńlá ní 2018 náà, nǹkan bí 35 nínú 100. Ọ̀ṣun ló gbapò kìíní ní 2013, ó lé ní 76 nínú 100. Tí mo bá rántí iye yẹn, inú mi kì í dùn rárá, torí àwa la máa ń sọ pé a kàwé.

Ohun tí mo sì ń bẹ àwọn gómìnà wa fún nìyí: èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ òfin náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Kí wọ́n tú u sí Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibẹ̀ ni gbogbo ìyá ọmọ tuntun ń jókòó sí fún wákàtí méjì mẹ́ta, wọ́n á kà á.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Àwọn tó ń gbé ọmọ wá lu etí máa ń sọ pé, nọ́ọ̀sì, ẹ kúkú bá wa ṣe tìsàlẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá mi ní ó sàn ká ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́ ju kí wọ́n gbé e lọ fún olóolà, pé ká kàn gún un díẹ̀, ká gba owó wa. Kí lẹ rí sí i?

Èsì: Má ṣe é. Gígún díẹ̀ náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ abẹ́ dídá, ìpín kẹrin ni wọ́n fi sí. Òfin VAPP ò sì sọ pé bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, torí orúkọ ẹ wà nínú ìwé, ọ̀gá ẹ á ní òun ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹ. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ẹnìkan tó ṣáájú mi jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ó ń ṣe é fáwọn tó bá bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń gbọ́ igbe ọmọ, mo ń ka bébà mi lọ. Mi ò fọwọ́ kàn án, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn fún ọdún púpọ̀. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ yẹn padà wá bímọ lọ́wọ́ mi nígbà tó dàgbà, ìyá ẹ̀ ló sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wa níbí náà la ti ṣe é fún un, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò lè dáhùn. Ọwọ́ tó mọ́ kì í sọ ohun tí wọ́n gé di ohun tí wọn ò gé, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ káwọn òbí rò pé ìṣègùn fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá tún bi ẹ́, ìṣẹ́jú kan ló máa gbà. Sọ fún wọn pé etí nìkan la máa lu, tìsàlẹ̀ ò ní àǹfààní kankan fún ara ọmọ, òfin ò sì gbà á. Kó o wá bi wọ́n ta ló ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n á sọ fún ẹ, ìyá àgbà ni lọ́pọ̀ ìgbà, kó o ní kí wọ́n mú ìyá àgbà náà bọ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì máa ń wọ àwọn màmá wa létí ju bá a ṣe rò lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ìdílé olóolà ni wá, bàbá mi ló kọ́ mi, bàbá tiwọn ló kọ́ àwọn náà. Ọmọkùnrin nìkan ni mò ń kọ nílà báyìí, mo ti fi tọmọbìnrin sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà kan ṣì máa ń wá lóru. Ṣé wọ́n lè mú mi torí èyí tí mo ti ṣe láyé àtijọ́? Ilà ojú ńkọ́?

Èsì: Ẹ kú ọjọ́ bàbá, inú mi dùn pé ẹ kọ̀wé. Ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ ní abala 36 pé wọn ò gbọ́dọ̀ dá èèyàn lẹ́bi lórí ohun tí kò tíì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin lọ́jọ́ tó ṣe é, torí náà èyí tẹ́ ẹ ti ṣe kí ìpínlẹ̀ yín tó ní òfin, ó ti lọ nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣe lónìí ni ọ̀ràn.

Ilà ojú, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n fín ara tàbí kọ ilà sára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì ló wà nínú ti àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ wa ti gbà á wọlé lọ́nà tiwọn. Ó jọ mí lójú pé òfin yẹn dárúkọ ilà, kò dárúkọ abẹ́ dídá.

Àwọn ìyá àgbà tó ń wá lóru yẹn, bàbá, ẹ má kàn sọ fún wọn pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà yín. Bẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ìlú kejì ni wọ́n máa gbé e lọ. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fún wọn lómi mu, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti fojú rí, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kọ̀ tí kò dá, èyí tó dákú, torí mo mọ̀ pé kò sí olóolà àgbà tí ò ní irú ẹ̀ nínú. Ní Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, àwọn olóolà ti dìde ní gbangba pé àwọn ò ṣe é mọ́. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní òyìnbó ló rán mi. Bí olóolà bá sọ ọ́, ta ni wọ́n fẹ́ lọ bá?

Ìbéèrè: Georgia ní Amẹ́ríkà lèmi àti ọkọ mi wà pẹ̀lú ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkọ mi fẹ́ ká gbé e wálé ní Disẹ́ńbà, mo sì ti gbọ́ ohun tí òun àti ìyá ẹ̀ ń sọ lórí fóònù. Ó ní òfin Amẹ́ríkà ò lè mú òun fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, àti pé kóòtù tiẹ̀ ti da òfin yẹn nù. Ṣé òótọ́ ni?

Èsì: Ìdajì ló gbọ́, ìdajì yẹn ló sì lè ṣì í lọ́nà jù. Amẹ́ríkà ṣe òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀ ní 1996. Ní 2017 wọ́n mú dókítà obìnrin kan ní Michigan lórí ẹ̀sùn pé ó ń gé àwọn ọmọdébìnrin, nígbà tó di November 2018, Adájọ́ Bernard Friedman ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ò lágbára láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, pé ìwà ọ̀daràn inú ìpínlẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ ló ni í. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa gẹ́lẹ́, Abuja àti Washington, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ti há. Èyí tí ọkọ rẹ gbọ́ nìyẹn. Kò gbọ́ pé Michigan ti yára ṣe tiẹ̀ ní 2017 yẹn, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15, kò sì gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ tó lé ní 40 ló ti ní òfin tiwọn báyìí, Minnesota ti ṣe tiẹ̀ láti 1994. Ìjọba àpapọ̀ náà tún òfin yẹn kọ, wọ́n fọwọ́ sí i ní January 2021, ọdún 5 ti di ọdún 10. Gbígbé ọmọ jáde kúrò ní Amẹ́ríkà lọ gé e, wọ́n ti fi kún un láti 2013.

Georgia tìẹ gan-an ní ìtàn. Ní 2001, bàbá kan tó wá láti Ethiopia fi sísọ́ọ̀sì gé ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nínú ilé wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀, Georgia ò ní òfin kankan tó dárúkọ abẹ́ dídá, ẹ̀sùn pé ó ṣe ọmọ léṣe tó sì hùwà ìkà sọ́mọ ni wọ́n fi mú un. Ìyá ọmọ yẹn ò dákẹ́, òun àtàwọn tó dúró tì í ń lọ sí ilé aṣòfin títí wọ́n fi ṣe òfin ní 2005, láti ọdún 5 sí 20 lẹ́wọ̀n fún ẹni tó bá gé ọmọbìnrin tí kò tíì pé 18, tàbí tó gbé e jáde ní ìpínlẹ̀ lọ gé e. Ẹjọ́ bàbá náà parí ní 2006, ọdún 10 ni wọ́n jù ú sí. Nígbà tó ṣẹ̀wọ̀n náà tán, wọ́n lé e kúrò ní Amẹ́ríkà ní 2017.

Torí náà má ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Sọ ìtàn bàbá yìí fún ọkọ rẹ, kó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ, torí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n nìkan ló wà níbẹ̀, ìwé ìgbélùú gbogbo yín wà níbẹ̀. Bá dókítà tó ń tọ́jú ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ kó kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fáìlì pé ara ọmọ pé. Bí ọkọ rẹ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, fi pásípọ́ọ̀tù ọmọ sí ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè tó o, kó o sì wá lọ́yà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé wọ́n á ní ìwọ lo ba ilé ara rẹ jẹ́ nílẹ̀ àjèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Á rántí.

Ìbéèrè: Mo jẹ́ ẹni ọdún 24, mo ń múra ìgbéyàwó. Wọ́n dá abẹ́ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n pe àwọn òbí mi lẹ́jọ́, mi ò mọ̀ bóyá ara mi máa ṣe bí ara àwọn ẹgbẹ́ mi. Mi ò lè bi ẹnikẹ́ni.

Èsì: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀bi ẹ kọ́ rárá.

Nípa ẹjọ́, bí mo ṣe sọ fún bàbá olóolà lókè, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti òfin tó wà ní ìpínlẹ̀ yín lọ́jọ́ náà ló máa pinnu ẹ̀, lọ́yà ló lè wò ó fún ẹ. Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o dárí jì wọ́n, mi ò sì ní ní kó o pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń lé ẹ.

Ara ẹ ńkọ́, lọ rí agbẹ̀bí tàbí dókítà obìnrin kó o tó ṣègbéyàwó, kó yẹ̀ ọ́ wò, torí ohun tí wọ́n gé lára ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ojú àpá náà kéré. Bó bá ń dùn ẹ́ tàbí tó le, ìtọ́jú wà. Bá ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú, kó má jẹ́ pé ìwọ nìkan lo gbé e lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ tó o bá sì lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyún àkọ́kọ́, má dúró kí nọ́ọ̀sì béèrè, ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè, ìwọ sọ ọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì ẹ, kí ẹni tó bá wà lórí iṣẹ́ lóru ọjọ́ tó o bá ń rọbí ti mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ kàn ẹ́. Inú mi á dùn tó o bá tún kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà.